Nọ́ńbà Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ Delphine

Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ó jọ pé wọn ò tíì rí Bernadine Wojtas kí wọ́n tó pa òwe yẹn. Ẹran wà láyà tiẹ̀, ó wà lápá, ó wà ní ìdí, owú náà sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ láràárọ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun àti Delphine Lubas bá gun ẹ̀rọ ìrìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kì í sì í tán nígbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó ń jowú lé lórí kò ju nọ́ńbà kan lọ. Ẹ̀rọ ìrìn mẹ́ta ló wà ní jíìmù tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bay City, ní Michigan. Iwájú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì dúdú kan tí nọ́ńbà pupa máa ń yọ lójú rẹ̀: bí ènìyàn ṣe ń yára tó, bó ṣe pẹ́ tó lórí ẹ̀rọ, àti iye kálórì tó ti jó kúrò lára rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta bá pé, tí ẹ̀rọ dúró, igba ó lé àádọ́rin ni ti Bernadine máa ń jẹ́. Ti Delphine á jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n jọ parí ni. Ìyára tí wọ́n yàn dọ́gba, òkè tí wọ́n ń gùn dọ́gba. Delphine tiẹ̀ máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di irin iwájú ẹ̀rọ mú, á fara tì í, á máa tàkúrọ̀sọ bí ẹni tó dúró lójú fèrèsé ilé rẹ̀. Bernadine kì í di nǹkan kan mú. Ó ń ju apá, ó ń mí hẹlẹ, òógùn ń bọ́ sí i lójú. Síbẹ̀, àádọ́rùn-ún kálórì ni Delphine fi ń jù ú lọ lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá.

"Èló lo rí lónìí, ọ̀rẹ́ mi?" Delphine á bi í, á sì ti máa na ọrùn wo gíláàsì rẹ̀.

"Bí ti àná náà ni."

"Igba ó lé àádọ́rin? Háà, ó dáa púpọ̀ o. Ó dáa fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ "ó dáa fún ẹ" yẹn ló ń gún Bernadine lọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, á fi tówẹ̀lì nu ojú, á sì máa bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí iná mànàmáná ẹ̀rọ Delphine ṣẹ́jú díẹ̀, díẹ̀ péré.

Ká tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun ni àwọn obìnrin ìjọ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje wọn. Láràárọ̀, yàtọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ẹni tó bá rìn á sọ nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀, Búsíà Arlene á sì kọ ọ́ sórí pátákó funfun tó wà lára ògiri. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Búsíà, ogójì ọdún ló fi ṣe nọ́ọ̀sì, gbogbo ìjọ ló sì ń pè é ní Búsíà, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe ìyá àgbà. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni ìdíje ń parí. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ tí kò sí ilé kan ní agbègbè náà tí kì í jẹ púńṣíkì, wọ́n á dín in nínú ilé ìdáná abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì: ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹyin àti bọ́tà pò, tí wọ́n rọ jáàmù sí nínú, tó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin. Ẹni tó bá jó kálórì jù ni wọ́n ń fún ní àkọ́dín. Òun nìkan ni yóò jókòó, àwọn tó kù á dúró yí i ká, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ń jó ọ̀rá kúrò lára kí wọ́n lè dupò ẹni tí yóò kọ́kọ́ jẹ ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in, ṣùgbọ́n kó má rín in lójú wọn.

Ọdún mẹ́rin léra léra ni Bernadine ti jẹ àkọ́dín yẹn. Kì í ṣe olówó, kò lọ sílé ìwé gíga, iṣẹ́ lílọ aṣọ fún àwọn ènìyàn ló fi di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Kò sí ohun mìíràn láyé tó ti ṣe ipò kìíní nínú rẹ̀ rí. Bó bá pàdánù rẹ̀, kò mọ ohun tí wọn yóò máa fi dá òun mọ̀.

Ta ló sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Delphine. Delphine tí wọ́n jọ dàgbà ládùúgbò kan, tí wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn Sísítà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe eré Kérésìmesì níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi Delphine ṣe Màríà Wúńdíá. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Bernadine ṣe àgùntàn. Delphine ló kọ́kọ́ lọ́kọ, òun náà ló bá ọkọ rẹ̀ Eugene kó lọ sí Florida níbi tí òjò dídì kì í ti í rọ̀. Eugene kú nínú oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá. Nígbà tí Delphine padà dé nínú oṣù Ọ̀wàrà, Bernadine ló bá a wá ilé, òun ló fà á lọ́wọ́ wá sí jíìmù, òun gan-an ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. Inú rere ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n Delphine ò tíì lo oṣù méjì tí gbogbo obìnrin jíìmù fi ń yí i ká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo àwàdà rẹ̀. Nígbà tí oṣù Ṣẹẹrẹ sì wọlé, orúkọ rẹ̀ bọ́ sókè pátákó, kò sì sọ̀ mọ́.

Nílé, Casimir ọkọ Bernadine á máa fi bọ́tà pa búrẹ́dì, á béèrè bó ṣe máa ń béèrè láràárọ̀:

"Bernie, èló lónìí?"

"Igba ó lé àádọ́rin."

"Delphine ńkọ́?"

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta."

"Áà! Obìnrin yẹn mà le o! Pẹ̀lú gbogbo ọ̀fọ̀ tó ń ṣe! Ó yẹ ká pè é wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú."

"Pè é," ni Bernadine wí, ó sì fa àwo bọ́tà kúrò níwájú rẹ̀. "Bí o bá fẹ́, kó o lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó máa jó kálórì tìrẹ náà fún ẹ."

"Kí ni mo sọ báyìí?"

Bernadine dìde kúrò nídìí tábìlì. Ó ti ń rò ó lọ́kàn pé ẹ̀rọ àárín, tí Delphine máa ń gùn, ni ọ̀ràn náà wà. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀rọ ọ̀hún ni kì í mọ ìṣirò ṣe. Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà kù díẹ̀ ni Bernadine ti dé jíìmù, òjò dídì ṣì wà lórí fìlà rẹ̀, ó sì gun ẹ̀rọ àárín kí Delphine tó dé.

"O ti gba àyè mi," ni Delphine wí.

"Ṣé wọ́n kọ orúkọ ẹ sí i ni?"

"Ó ti tó, ìyàwó Casimir! Máa rìn níbẹ̀, kò sí ìjà." Ó bọ́ sórí ẹ̀rọ Bernadine tó wà lápá òsì, ó fara ti irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ológbò aládùúgbò rẹ̀ kan ní Florida.

Bernadine rìn bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tí ẹ̀rọ dúró, ó di ojú, ó là á. Igba ó lé àádọ́rin ló rí. Ó yíjú sí apá òsì, sí ẹ̀rọ tirẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ tó ti ń gùn láti ọdún márùn-ún. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ náà ti gbè sẹ́yìn Delphine.

Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni ì bá ti wo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Èrò tó sọ sí Bernadine lọ́kàn ni pé bí kò bá ti jẹ́ ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, Delphine ló jẹ̀bi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú òpin ìdíje ló rí ohun tó ń wá. Bí ènìyàn bá tan ẹ̀rọ, kó tó gbéra, ó máa ń béèrè ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara ẹni tó gùn ún. Bernadine díbọ́n bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ó wo ọwọ́ Delphine lábẹ́ apá. Ó rí i tó tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: méjì, ení, mẹ́rin. Igba pọ́n-ùn ó lé mẹ́rìnlá!

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Delphine? Igba ó lé mẹ́rìnlá? Irọ́ gbuu ni. Ó sì ní ẹ̀rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣe Máàsì ìrántí ọdún kan fún Eugene. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú Delphine ya ní ìdí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ti Bernadine ló yá lò. Ó bá a mu rẹ́gí, kò fún un, kò tóbi jù. Ọgọ́jọ pọ́n-ùn sì ni Bernadine. Báwo wá ni ẹni tí síkẹ́ẹ̀tì ẹni ọgọ́jọ bá mu yóò ṣe tẹ̀wọ̀n tó igba ó lé mẹ́rìnlá?

Ibi tí Bernadine ti rí ọgọ́jọ yẹn ló yẹ ká béèrè. Ọgọ́jọ ló jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọ̀hún sì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bó bá dé ọ́fíìsì dókítà, ẹ̀yìn ni í fi í gun òṣùwọ̀n, á kọjú sí ògiri, á sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó kọ ohun tó bá rí, kó má sọ ọ́ sókè. Àwọn obìnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ ládùúgbò yẹn débi pé àwọn nọ́ọ̀sì kì í béèrè ìdí mọ́. Láti ọdún márùn-ún tó ti ń gun ẹ̀rọ ìrìn, ọgọ́jọ ló ń tẹ̀ fún un láràárọ̀, nítorí pé gíláàsì ń tàn, nọ́ńbà sì ń hàn sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ènìyàn ń pa láràárọ̀ fún ọdún márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá Búsíà Arlene nínú ilé ìdáná níbi tó ti ń jọ ìyẹ̀fun púńṣíkì.

"Búsíà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé mò ń ṣòfófó."

"Òfófó lo fẹ́ ṣe. Tètè ṣe é, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi."

"Delphine ń purọ́ fún ẹ̀rọ. Ó ń bu ìwọ̀n kún ìwọ̀n ara ẹ̀ kí kálórì ẹ̀ lè pọ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Igba ó lé mẹ́rìnlá ló tẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé kò tó bẹ́ẹ̀?"

"Síkẹ́ẹ̀tì mi ló wọ̀ lọ́jọ́ Máàsì Eugene! Ṣé ẹni tó wọ síkẹ́ẹ̀tì mi lè fi pọ́n-ùn mẹ́rìnléláàádọ́ta jù mí lọ?"

Búsíà dá ọwọ́ dúró. Ó wò ó láti orí dé àtàǹpàkò, ó sì tún wò ó láti àtàǹpàkò padà sí orí.

"Ìwọ wá jẹ́ èló?"

"Ọgọ́jọ."

"Ta ló wọ̀n ọ́?"

"Mo mọ ara mi, Búsíà."

"Ó dáa," ni Búsíà wí, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ajé, èmi á gbé òṣùwọ̀n wá."

Bernadine ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohùn yẹn tó lè bà á lẹ́rù. Òṣùwọ̀n fún Delphine ló gbọ́. Kò tíì sùn dáadáa tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, obìnrin mẹ́sàn-án ló pé sí jíìmù. Wọ́n rìn, wọ́n parí, Búsíà kọ nọ́ńbà ìkẹyìn sórí pátákó. Delphine fi kálórì tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ṣíwájú Bernadine. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, Búsíà na ọwọ́ sókè, ó fi ẹsẹ̀ ti òṣùwọ̀n irin kan jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹnì kan ti fẹjọ́ sùn," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín, nítorí mo rí i pé ẹ rò pé ẹ̀mí mímọ́ wà nínú ẹ̀. Kò lójú. Kò rí òógùn yín, kò gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Ohun mẹ́ta ló mọ̀: bí rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀ yín ṣe ń yára tó, bó ṣe ga tó, àti ìwọ̀n ara tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ fún un. Ẹni tó bá tẹ̀wọ̀n, ẹrù tó ń gbé ló pọ̀, kálórì ẹ̀ á pọ̀. Bí ẹ bá sọ fún un pé erin ni yín, kálórì erin ló máa kà fún yín. Bí ẹ bá sì fara ti irin bí àwọn kan tí mo mọ̀, kò mọ̀ pé irin ló ń bá yín ṣiṣẹ́. Kódà bí ẹ bá sọ òtítọ́ délẹ̀, àfojúbù náà ni, ó sì máa ń bù ú pọ̀."

"Búsíà," ni Loretta Mikula wí, obìnrin tínínrín kan tí kì í rí ju ọgọ́jọ kálórì lọ, "ṣé gbogbo ohun tí a ti ń kọ sórí pátákó láti ọdún márùn-ún yìí, àfojúbù ni?"

"Àfojúbù ni. Ṣùgbọ́n a jọ ń bù ú ni. Ẹni tó bá purọ́ ni kò bá wa bù ú."

Delphine ti dá ẹ̀rín dúró. "Ta ni wọ́n ní ó purọ́?"

Bernadine lóṣòó, ó ń tún okùn bàtà so, okùn tí kò tú. Delphine wò ó pẹ́. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ mọ́.

"Kò burú," ó ní. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ súẹ́tà, ó yọ òrùka méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ti Eugene àti tirẹ̀, ó kó wọn fún Loretta. Ó gun òṣùwọ̀n. Igba ó lé mẹ́tàlá.

"Pọ́n-ùn kan ni mo fi lé e, ẹ̀yin ará. Ẹ dárí jì mí. Oúnjẹ àárọ̀ ni mo rò mọ́ ọn."

Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, òun náà rín in, ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ni wọ́n mú gun òṣùwọ̀n níwájú ènìyàn mẹ́jọ, bí ẹni pé ọlọ́ṣà ni.

"Ẹjọ́ yẹn parí," ni Búsíà wí. "Bernadine, ìwọ ló kàn."

"Èmi kẹ̀? Ta ló fẹ̀sùn kan èmi?"

"Mi ò ní ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn kàn ọ́. Mo ní ìwọ ló kàn."

Bernadine wo ilẹ̀kùn, ó wo òṣùwọ̀n. Delphine ló gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Búsíà. Ọgọ́jọ ni Bernie. Mo ń rí i lójú ẹ̀rọ ẹ̀ láràárọ̀. Ọgọ́jọ géérégé."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Loretta wúkọ́, àwọn tó kù wo ilẹ̀. Ojú wọn ló sọ fún Bernadine pé gbogbo wọn ló mọ̀, pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́, pé síkẹ́ẹ̀tì kan náà tó fi ṣe ẹ̀rí lé Delphine lórí ni ẹ̀rí tó wà lọ́rùn òun náà. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ ń hó. Lẹ́yìn ìtìjú ni owú dé, èyí sì ni owú tó burú jù nínú gbogbo èyí tó ti jẹ láti oṣù Ṣẹẹrẹ. Òun fẹjọ́ Delphine sùn, Delphine wá ń fi aṣọ bo òun láṣìírí. Kálórì ò tó o, ó tún fẹ́ fi inúure borí òun! Wọ́n tún ti fi í ṣe Màríà. Òun náà tún ti di àgùntàn.

"Mi ò bẹ̀ ọ́!" ni Bernadine kígbe. Ó fi ẹsẹ̀ ta bàtà rẹ̀ dànù, ọ̀kan lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ó gun òṣùwọ̀n, kò fi ẹ̀yìn gùn ún lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjú sí nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Igba pọ́n-ùn ó lé mẹ́sàn-án.

"Ẹ kọ ọ́," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ sókè dáadáa kí gbogbo ayé rí i."

Búsíà ò kọ ọ́ sórí pátákó. Bébà kékeré kan ló mú, ó mú pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ń ṣírò. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. "Ó dára," ó ní. "Bí Bernadine bá ti sọ òtítọ́ fún ẹ̀rọ láti ọjọ́ kìíní ni, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta ni ì bá máa rí lójúmọ́. Ti Delphine ṣì fi díẹ̀ jù ú. Ṣùgbọ́n Bernadine kò pa ọjọ́ kan jẹ. Delphine pa ọjọ́ mẹ́rin jẹ ní ọ̀sẹ̀ Máàsì Eugene." Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ àpapọ̀ rẹ̀. "Bernadine ló fi ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ ṣíwájú. Òun ló ni àkọ́dín."

Àwọn obìnrin náà hó yèè. Bóyá ìdùnnú ni, bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí ìtìjú kúrò nílẹ̀ ni. Wọ́n gbá Bernadine mọ́ra, wọ́n sì wọ́ lọ sínú ilé ìdáná lọ gbé ìyẹ̀fun síbi tí yóò ti wú. Ó ku òun àti Delphine, àwọn méjèèjì láìwọ bàtà. Bernadine yíjú sí i kó lè rí ìyàlẹ́nu lójú rẹ̀. Kò sí ìyàlẹ́nu níbẹ̀.

"O mọ̀," ni Bernadine wí.

"Láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Gíláàsì ẹ ń tàn bí iná ọkọ̀, Bernie."

Bernadine jókòó sórí ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. "O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. O ò fẹ́ kójú tì mí. Èmi wá lọ ń..."

"Dúró níbẹ̀. Má fi ìwà rere kọ́ mi lọ́rùn." Delphine ń fi òrùka tí Loretta ti dá padà fún un sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mo ti ṣe ìṣirò tí Búsíà ṣe yẹn nílé. Láti ọ̀sẹ̀ Máàsì Eugene ni, lẹ́yìn tí síkẹ́ẹ̀tì ẹ bá mi mu, tí mo sì ti pa ọjọ́ mẹ́rin jẹ. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí o bá tẹ òtítọ́, o ti jù mí lọ. Ìdí tí mo fi panu mọ́ nìyẹn. Èyí tí mo sọ níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan, pé ọgọ́jọ ni ọ́, o rò pé ìwọ ni mò ń gbà sílẹ̀? Ipò mi ni mò ń gbà sílẹ̀. Mò ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn pé kí o má gun nǹkan yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ipò kìíní ṣe? Ìwọ tí gbogbo ènìyàn ń wọ́ tẹ̀lé!"

"Wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé mi títí dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á wọ mọ́tò ẹ̀, á lọ sílé." Ó ti rí bàtà rẹ̀, ó ń wọ̀ ọ́. "Bí o bá délé, Casimir á bi ọ́ pé èló lo rí. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi, o ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé lójoojúmọ́ ló ń béèrè. Kò sẹ́ni tó ń bi èmi. Mo fẹ́ kó wà lára ògiri kan, níbi tí ènìyàn á ti kà á. Mò ń jowú ẹ, Bernie. Nígbà tí o fẹjọ́ mi sùn yìí gan-an, mò ń jowú ẹ."

Ohun tó ti ń wu Bernadine láti gbọ́ láti ìgbà tó ti wọ aṣọ onírun àgùntàn lórí pèpéle ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an, ó tó bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó fi máa dìde lórí ẹ̀rọ, Delphine ti wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn.

"O máa wá lọ́la?"

"Kí n wá dúró máa pàtẹ́wọ́ fún ẹnu ẹ?" ni Delphine wí láìyíjú padà. "Rárá o. Mi ò lè ṣe é."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òórùn epo àti ṣúgà kún abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ojú pópó. Wọ́n fi Bernadine jókòó sórí àga. Búsíà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àkọ́dín fún un nínú àwo funfun, jáàmù ń yọ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin dúró yí i ká. Loretta ló bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́, gbogbo wọn sì gbè é.

Ó gbé e sókè. Kó tó bù ú jẹ, ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó ń wá ẹni tó ń jowú ipò yìí, tí yóò fẹ́ kó jẹ́ tòun. Ojú méje ló rí, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín tinútinú, kò sí ẹyọ owú kan nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni kí ó tètè jẹ púńṣíkì tirẹ̀, kí tiwọn lè kàn.

Bernadine gbé e padà sínú àwo láìtíì fẹnu kàn án. Ó ní kí ẹnì kan bá òun mú ẹ̀wù òtútù òun wá, kí wọ́n sì wá nǹkan tí òun lè fi bo àwo náà, kó má baà tutù kí òun tó gbé e dé ilé Delphine.